Ife Olómorí Búlúù

Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán ní Kayambe
mo ti ń kanlẹ̀kùn, àpótí yìnyín léjìká,
ife mẹ́rìnlélógún, olómorí búlúù.
"Ìtọ̀ àkọ́jí ni mo wá gbà o.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu omi mọ́ ọn."

Ojú ń tì wọ́n. Ojú ń ti èmi náà.
Segundo arúgbó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
"Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń tọ̀ sídìí àgbàdo,
ẹnìkan ò bi mí rí pé kí ló wí.
Àbí ó ti gbọ́ èdè báyìí ni?"

Ó ti gbọ́ èdè, Bàbá.
Ohun tí awọ gbà tí kò jẹ́wọ́,
ohun tí imú fà tó sì gbàgbé,
kíndìnrín ló ń ṣà á lóru.

Nísàlẹ̀, ilé ọ̀rá bo àfonífojì bí ọbẹ̀ tó dì.
Òdòdó róòsì ló wà níbẹ̀, ọlọ́rùn gígùn,
tí olólùfẹ́ yóò fi ránṣẹ́ sólólùfẹ́ lókè òkun.
Kòkòrò kankan kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.
Wilmer ló ń fín in.

Saywa, ọmọ rẹ̀, ọdún mẹ́fà,
kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ọ̀rá rí.
Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ife tirẹ̀ wá, bí ẹni gbẹ́yin.
Mi ò kọ orúkọ sí i. Ẹ̀tàdínlọ́gọ́fà ni mo kọ,
kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Oṣù mẹ́ta, ìwé dé.
Ti baba kéré.
Tọmọ jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀.
"Ẹ ti pààrọ̀ ife," ni Wilmer wí.
Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. A ò pààrọ̀.
Zoila ìyàwó rẹ̀ bi mí: "Ṣé ó pọ̀ ni?"
Mo wo ìwé, mo wo bàtà mi.
Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n kà.
Ta ló kọ́ ọ ní "ó tó gẹ́ẹ́"?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni fèrè ilé iṣẹ́ dún.
Baba yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó la apá,
ọmọ sáré, ó fojú rì sínú ẹ̀wù iṣẹ́,
bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa mẹ́ta.

Ní báyìí, Wilmer a máa bọ́ra sídìí ẹ̀rọ omi
nínú òtútù òkè olórí funfun,
eyín rẹ̀ a máa gbá ara wọn:
"Dúró ná. Dúró ná, ọmọ mi."
Saywa a sì dúró, apá rẹ̀ ní lílà,
a máa ka korobá omi:
ení, èjì,
ẹ̀ta—