Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Béèrè Ọ̀rọ̀

Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé mi.
Bírò pupa ti gba orí mọ́kàndínlógún kọjá.
Bàbá Òjélabí ló kọ́kọ́ lọ,
Ìyá Oníkájù tẹ̀lé e nígbà ọyẹ́.
Olùkọ́ Oyèékànmí, tí í san tirẹ̀ kí oṣù tó lé,
ó san ti Ọ̀wàrà, kò rí Bélú.
Ó ku èmi akápò àti àpótí páànù,
ó ku àwọn mọ́kànlá tí orúnkún ń dùn,
a ń dáwó fún àwọn ìkókó tí oṣù wọn ò pé
nílé ìwòsàn kékeré Ìsàlẹ̀-Ọ̀rà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí.

Mo ní kí n pe àwọn ọmọ wa.
Mo kọ ogójì lẹ́tà, mo há wọn
ní Tákíé, lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì.
"Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìran yín ò láàánú. Ẹ dáwó."
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Mo tilẹ̀ fàlà sí i nídìí.
Àpò ìwé mẹ́ta ló padà.
Méjì ṣófo. Èèpo súìtì ló wà nínú ẹ̀kẹta.

Wọ́n ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni í fi í rọ́pò.
Wọn ò sọ fún mi pé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa béèrè ọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì,
Ojúọlápé, tó ń tún fóònù ṣe ní Adénìkẹ,
lẹ́tà mi ti rún lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó kúnlẹ̀, ó kí mi tán, ó wá ní:
"Bàbá, owó èṣí, kí lẹ fi ṣe?"

Háà.
Ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti di àpótí yìí mú,
ẹnikẹ́ni ò bi mí rí.
Inú mi gbóná bí ọ̀sán Ẹrẹ́nà.
Mo fẹ́ ní, àbí olè lo pè mí?
Mo fẹ́ ní, ta ló bí ọ?
Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò jọ ojú ẹni tó wá jà;
bí í ti í wo fóònù tó kú ló ṣe ń wò mí,
bí ẹni tó ń wá ibi tí iná ti já.

Mo ṣí ìwé. A jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, rọ́bà imú, ọmọ Sàbítíù.
Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, epo jẹnẹrétọ̀, òru mẹ́ta tí iná ò wá.
Aṣọ òtútù méjì fún àwọn ìbejì Oyèérónkẹ́,
a dá ọ̀kan padà.
Ibẹ̀ ló ti ní kí n dúró.
Ó nu ojú. "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò kọ èyí sínú lẹ́tà?"

N ò fèsì. Kí ni mo fẹ́ wí?

Lọ́jọ́ kejì, mẹ́fà ni wọ́n, lórí ọ̀kadà méjì.
Wọ́n dúró lójú fèrèsé yàrá àwọn ìkókó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Wọn ò lówó. Irọ́ ò dára.
Ẹlòmíì dá igba náírà, ẹlòmíì àádọ́ta.
Gbádégẹṣin ò dá kọ́bọ̀; ó tú jẹnẹrétọ̀ palẹ̀,
ó fi Àbámẹ́ta mẹ́rin tún un ṣe.
Mo bi ara mi pé ìlà wo ni n ó kọ ìyẹn sí.
Mo fa ìlà tuntun.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló dúró o.
Ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn, kò gbé ìpè mi mọ́.
Ọ̀kan ń bá mi jiyàn lóṣooṣù lórí owó tí báńkì ń yọ.
Ṣùgbọ́n lóru, fóònù kékeré tí Ojúọlápé fún mi
a máa dún lábẹ́ ìrọ̀rí:
àádọ́jọ náírà ti wọlé.
Ó ní kí n yé kọ ọ́, fóònù ń ṣírò fúnra rẹ̀.
Mo gbọ́.
Síbẹ̀ mo máa ń dìde, mo máa ń táràrà wá awò mi,
mo máa ń fi bírò aláwọ̀ ojú ọ̀run kọ ọ́
síbi orúkọ Olùkọ́ Oyèékànmí,
níbi tí Bélú ti ṣófo.