Ẹni Tí Kì í Ṣẹ́jú

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní Grimsby.
Òjò ń fi ìka gún fèrèsé,
òórùn ẹja gbéra ní èbúté, ó wọlé láì kanlẹ̀kùn.
Mo ti pín oògùn tán, mo ti gbé tíì kalẹ̀,
ti Doreen láì sí ṣúgà, ti Baba Hartley oníṣúgà mẹ́ta
tí dókítà ò gbọdọ̀ gbọ́.
Arúgbó márùn-ún sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n
bí ẹni tó fẹ́ yáná.

Ọmọbìnrin inú eré náà tún dé.
Wọ́n rọ ọ́ ni, wọn ò bí i.
Ó ń fọ abọ́, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò;
bílẹ̀ bá ṣú, á ki wáyà bọ ìhà ara rẹ̀,
á dúró sí igun yàrá,
á máa jẹ iná bí ewúrẹ́ ti ń jẹ èèpo iṣu.

"Ẹ wo ojú ẹ̀," Maureen ló wí, "kì í ṣẹ́jú!"
Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti ń kà á.
Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni lánàá ọ̀sẹ̀ tó kọjá,
èkejì gan-an, àṣìṣe òṣèré ni.
Baba Hartley, tó fi ogójì ọdún tún iná ilé onílé ṣe,
ní irọ́ pátápátá: bátìrì wo ló fẹ́ gbé irú itan yẹn?
Síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ jókòó,
òun náà ló fá irùngbọ̀n lónìí.
Beryl kẹ̀yìn sí wọn.
"Nǹkan tí ò lè kú, kí ló fẹ́ fi àánú ṣe?"
Àmọ́ ó ń wò ó nínú dígí fèrèsé.

Ìgbà tí baálé ilé ní kí wọ́n nu ìrántí ọmọbìnrin náà nù,
tó sì wí pé "Ẹ ṣeun, sà,"
kí iná ojú rẹ̀ tó kú,
kò sẹ́ni tó gbé ife sẹ́nu.
Doreen, tó ti gbàgbé orúkọ ọkọ ẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn,
ló ní: "Tiẹ̀ sàn. Wọ́n sọ fún un."

Stan wúkọ́. "Irú wọn ló máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa."
Ó wò mí, ó yára wo ilẹ̀.
Táwẹ́ẹ̀lì ni mò ń ká. Mo rántí ṣẹ́jú,
ẹ̀ẹ̀mẹta, wéréwéré, bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú.

Láti ìgbà teré yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ara mi.
Bí mo bá rẹ́rìn-ín, màá bi í:
ṣé inú lo ti wá, àbí ara yúnífọ́ọ̀mù?
Wọ́n gé Olúrántí kúrú sára káàdì àyà mi,
ó ku Ranti,
kò sí àmì lórí, kò sí ìtumọ̀ nínú.
Ta ló nu tèmi nù? Èmi náà ni mo buwọ́ lù ú.

Mo mú Doreen lọ sùn. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.
"Ìwọ ńkọ́, níbo ni wọ́n ti ń ki wáyà tìẹ bọ iná?"
Ẹ̀rín pa mí, ó kù díẹ̀ kí n sọ gíláàsì omi nù.
Mo ní ilé ni, lẹ́bàá sítóòfù,
nídìí ìkòkò ẹ̀wà tó kù láti àná.
Ó mi orí, bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu.
"Ọwọ́ ẹ gbóná," ló wí.
Mo fẹ́ sọ pé kẹ́tù ni.
Mi ò sọ ọ́.

Mo dúró sí igun yàrá títí oorun fi gbé e lọ.
Ẹsẹ̀ ń ro mí.
Mo jẹ́ kó máa ro.