Ìwé Òǹkà Keighley

Inú agolo bisikíìtì ni wọ́n wà, ìwé mọ́kàndínlógún,
òórùn èéfín èédú ò tíì kúrò lára àwọn àgbà inú wọn.
Èmi ni mò ń kọ ọ́ báyìí. Ẹ má bi mí bó ṣe kàn mí:
òjò ló lé mi wọ abẹ́ òrùlé ẹ̀gbẹ́ pápá wọn,
tí Doreen Whitwam na pẹ́ńsù sí mi: “Ṣé o mọ̀ ọ́n kà?”
Mo ní mo mọ̀ ọ́n kà.
N ò mọ̀ pé ogún ọdún ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Ewé àkọ́kọ́: oṣù Karùn-ún, ọdún 1931.
Àwọn ọmọge tó ń ran irun àgùntàn ní ilé iṣẹ́ etí odò,
mọ́kànlá ni wọ́n, mẹ́wàá ló ní bàtà.
Aṣọ ibùsùn ni ìyá Clarice Feather gé,
tó fi rán síkẹ́ẹ̀tì funfun fún gbogbo wọn.
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan làwọn ọkùnrin yọ̀ǹda pápá,
nígbà tí tiwọn bá ti tán, tí ilẹ̀ ti họ,
wọ́n sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi gìgísẹ̀ dá koríko lu.
Gìgísẹ̀ wo? Nínú bàtà mẹ́wàá,
méje jẹ́ onípákó, bàtà ìdí ẹ̀rọ.
Ìsáré mọ́kànlélógójì ni wọ́n rí kó jọ.
Bingley kó méjìdínlọ́gọ́fà.
A kì í purọ́ nínú ìwé yìí.

Lẹ́yìn 1939, ewé mẹ́fà ṣófo.
Ogun gba pápá, wọ́n fi gbin ọ̀dùnkún.
Hilda Sugden, tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń lé ajá,
lọ ṣe ọta ìbọn ní Leeds, kò sì padà mọ́.
Kò kú o. Ọkọ ló ní.

Ọdún 1954 la gba ife líìgì,
pẹ̀lú ìsáré kan ṣoṣo. Ẹ wò ó níbí,
ọwọ́ akọ̀wé ń gbọ̀n, nọ́ńbà rẹ̀ wọ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ.
Clarice fi ife náà ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀
títí ó fi kú; ìdí nìyẹn tó fi tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ n yára kọjá ibi ọdún 1979.
Ilé iṣẹ́ ti kógbá wọlé. Mẹ́rìnlá la gbá, mẹ́rìnlá la pàdánù,
a já sí ìpele kẹta, ẹni mẹ́sàn-án la kó lọ sí Skipton.

Rukhsana Mirza ló dé ní 1988.
Ẹ̀yìnkùlé ló ti kọ́ ọ, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mẹ́rin,
agolo ìdalẹ̀nù ni wíkẹ́ẹ̀tì wọn.
Ó wọ ṣòkòtò, ó sì lu àádọ́ta.
Ilkley fẹjọ́ sùn: síkẹ́ẹ̀tì ni òfin líìgì wí.
Balógun wa, Maureen, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.
Ní Ọjọ́ Àìkú kejì, àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá
fi ṣòkòtò rìn wọ pápá, tòun ti Maureen
tó ya ti ọkọ rẹ̀ lò, tó fi okùn dì í mú.
Síkẹ́ẹ̀tì kò tún wọ ibẹ̀ mọ́.

Bọ́ọ̀lù tí kò mú nǹkan kan wá,
ààmì bí ìgbẹ́ eṣinṣin la fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Òun ló kún inú agolo yìí jù.
Doreen ní kí n má ṣe fo ọ̀kankan nínú wọn,
pé ẹnì kan ló jù ú, ẹnì kan ló sì dúró dè é.
Ewé tó fi sílẹ̀ dé ìdajì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé náà
ní ọwọ́ méjì: tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tèmi gbàǹgbà.

Lónìí ìkùukùu wà lórí òkè, ìpele kejì la wà,
Mojírádé ọmọ mi ló di báàtì mú,
tó kọ̀ láti wo ibi tí mo jókòó sí.
Ìsáré mẹ́sàn-án ló kù. Pẹ́ńsù yìí ti kú.
Ẹ bá mi wá abẹ kan. Ẹ yára,
bọ́ọ̀lù ń bọ̀.