Fíríìsà Kejì

Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.
Ìwé kò ṣòro. Àga kì í ṣe tèmi.
Fíríìsà kejì ló dá mi dúró,
èyí tí òtútù rẹ̀ mú kí Dundee dà bí ìdí ààrò.

Ibi ọmọ ló wà nínú rẹ̀,
gígé wẹ́wẹ́, nínú ìgò tí kò ju ìka ọmọdé lọ.
Ìyá mi àgbà, tó ń gbẹ̀bí ní Ìmẹ̀sí,
ẹ̀yìn ilé ló máa ń sin ín sí,
á da omi lé e, á ní ó parí.
Èmi kò jẹ́ kó parí.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi bi ibi léèrè
ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà ìbí.

“Ẹ kú ewu ọmọ,” bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa nílé,
a ó rẹ́rìn-ín, a ó béèrè orúkọ.
Èmi ni mo dúró ti ewu náà, mò ń wọ̀n ọ́n:
ẹ̀jẹ̀ tó ru lójijì, ẹsẹ̀ tó wú,
ojú tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tí kò sí.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dá a padà.
Wọ́n ní àwọn aláboyún inú rẹ̀ kò pọ̀ tó.
Mo padà sí wọ́ọ̀dù, bisikíìtì nínú àpò,
mò ń bẹ obìnrin tí ìrọbí kò tíì mú
kó fún mi ní ohun tí kò ní lò mọ́.
Ọ̀pọ̀ ní kí n máa gbé e lọ.
Ọ̀kan bi mí bóyá mo fẹ́ sè é ni.

Nọ́ńbà kọkànlélógójì ni Ailsa,
ọmọ apẹja láti Arbroath.
Oṣù kejì ni, yìnyín ń bọ́.
A gbóhùn ọmọ.

Mo jókòó sínú mọ́tò títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nínú gbogbo ìwé tí mo kọ lẹ́yìn rẹ̀, ó wà níbẹ̀,
àmì kékeré kan lókè àwòrán, lápá ọ̀tún, òun nìkan.
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á ní: “Ṣé ká yọ èyí, Dókítà?
Ó jìnnà sí àwọn yòókù.”
Mo máa ń ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Òfin ní kí a sun wọ́n níná. Mo ti buwọ́ lù ú.
Ọmọkùnrin tó wá kó wọn wọ ìbọ̀wọ́, ó ń súfèé.
Mo ní kó dúró díẹ̀.
Mo nu yìnyín ara ìgò náà títí nọ́ńbà fi hàn.
N kò mọ ìkíni tó yẹ ẹ́.
Ẹ kú ewu, mo wí, nítorí òun ni mo ní.
Ọmọkùnrin náà rò pé òun ni mò ń kí,
ó ní lóòótọ́ ni, òtútù òní pọ̀.