Òkun Tàbí Okùn

Owódé, l'Ọ̀yọ́, aago mẹ́wàá alẹ́,
iná ọba ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.
Ọ̀ọ́dúnrún orúkọ ó lé méjìlá ni ilé-ìwé fi ránṣẹ́,
kí a fi léésà fín wọn sára pátákó,
kálukú lórí tirẹ̀.
Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o,
ọjọ́ Ajé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀:
mo gbé orúkọ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà,
mo fà á sí àárín, mo wọ̀n ọ́n,
mo gbé òmíràn, mo lẹ̀ ẹ́, mo fà á, mo wọ̀n ọ́n,
mo gbé òmíràn.
Kí n tó dé ọgọ́rin, ọrùn mi ti di igi;
ojú mi ń rí orúkọ, ọkàn mi ò rí ẹnikẹ́ni.
Lọ́dún tó kọjá mo kọ Àrẹ̀mú lẹ́ẹ̀mejì,
mo gbàgbé Abẹ́bí pátápátá.
Ọmọ náà dúró lórí pèpéle, ọwọ́ òfìfo,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀.

Ìbírónkẹ́, ọmọ iṣẹ́ mi, ló ní ó tó gẹ́ẹ́.
Ó jókòó, ó kọ ètò kan, ìlà mọ́kàndínlógún péré:
"Lọ sínú àkójọ, mú orúkọ tó kàn,
gbé e sáyè rẹ̀. Tó bá gùn ju pátákó lọ,
dín lẹ́tà kù, má gé orúkọ.
Tó bá tán, padà lọ mú òmíràn."
Ó tẹ bọ́tìnnì kan.
Kí n tó bó ẹ̀pà ọwọ́ mi tán,
gbogbo wọn ti tò sójú gíláàsì
bí ọmọ iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò.

Mo pariwo. Díẹ̀ ló kù kí n jó.
Àfi bí mo ṣe sún mọ́ ọn:
níbi tí ẹ àti ọ yẹ kó wà, àpótí òfìfo ni,
kéékèèké, bí àlàfo eyín tó yọ.
A pààrọ̀ irú lẹ́tà, àpótí lọ.
Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ò tilẹ̀ lámì kankan láti ilé wá,
akọ̀wé ti bọ́ wọn láṣọ kó tó fi wọ́n ránṣẹ́.
Ẹ wo ẹni kejìdínláàádọ́jọ: Okunola.

Bàbá mi fín igbá ní Ìṣọ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n;
kì í fi ọ̀bẹ kan igbá láì kọ́kọ́ béèrè:
"Báwo lẹ ṣe ń pè é nílé?"
Mo rò pé ẹni tí yóò bá a tàkúrọ̀sọ ló ń wá.
Igbá kan lọ́sẹ̀ kan! Ta ló láyè yẹn mọ́?

Mo tún wo Okunola.
Òkun tí kì í gbẹ ni, àbí okùn tí a fi ń so ewúrẹ́?
Mo pe nọ́ńbà òbí rẹ̀. Obìnrin kan gbé e, oorun ń bẹ lóhùn rẹ̀.
"Okùn ni o, ẹ má kọ òkun sí i.
Oyún rẹ̀ wà nínú mi nígbà tí bàbá rẹ̀ kú,
ọlá ilé wọn ti fẹ́ já. Mo bí i tán,
ìyá-ìyá rẹ̀ ní ọmọ yìí ti ta á ní kókó."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè látìgbà tó ti wọ iléèwé."

Mo sọ fún Ìbírónkẹ́. Kò fèsì.
Ó fi ìlà kan kún ètò rẹ̀, ó pé ogún:
"Bí orúkọ bá wá láìlámì, dúró,
kí o béèrè."

Ẹ̀rọ dúró nígbà mọ́kànlélọ́gọ́sàn-án.
Ọjọ́ méjì gbáko ni fóònù fi gbóná létí mi.
Ẹnì kan bú mi,
ẹnì kan ṣàdúrà fún mi títí owó ìpè fi tán,
bàbá kan ní Òjó kọ́, Òjò ni,
ó rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó ká páànù wọn lọ.

Lálẹ́ Ọjọ́rú léésà bẹ̀rẹ̀ sí í jó igi,
èéfín rẹ̀ ń ta sánsán títí dé títì.
Mo dúró tì í títí ó fi dé orí Okùnọlá:
àmì kékeré kan, kò tó hóró ọkà bàbà,
ó jókòó sórí u,
kò jókòó sórí o.