Ihò Kan

Ìpatà jẹ táńkì Pijó bàbá mi dé egungun.
Mo fi ìka kàn án, ìka wọlé.
Mo bá gbé e lọ bá Láìdé wẹ́dà,
lẹ́yìn rélùwéè ní Láfẹ́nwá.
Okùn ló fi wọ̀n ọ́n, kò lo ìwé.
Ó gé páànù, ó jó o pọ̀, ó rọ omi kún un,
ó ní, "Ẹ fọwọ́ pa á wò. Ó gbẹ.
Táńkì òyìnbó yín ń kọ́?"
Inú mi dùn sí ohun tí kò jò.
Mo tún fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé owó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ni àìsàn dé.
Láti Pánṣẹ́kẹ́ títí dé orí afárá, ó ń lọ bí ẹni tó yó.
Bí a bá ti kan ìdajì òkè Ìta Ọ̀ṣìn,
á wúkọ́,
á tún wúkọ́,
á kú.
Mo di bíréèkì mú, mo ń wo ẹ̀yìn nínú dígí,
àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè sí mi,
ọmọ iléèwé kan ní, "Màmá, ẹ rọra o."
Tí a bá dúró fún ogún ìṣẹ́jú, á jí,
á gbé mi délé bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ṣówándé mẹkáníìkì ní pọ́ǹbù ni. A pààrọ̀ pọ́ǹbù.
Ó ní fílítà ni. Ó fi ẹnu fà á, ó tu epo sílẹ̀,
a pààrọ̀ fílítà.
Ó ní bóyá omi wà nínú epo tí mo rà.
A da epo sínú ìgò, a gbé e sóòrùn:
ó mọ́ gaara, bí ojú ọmọ tí kò tíì purọ́.
Orí ń fọ́ wa, ẹsẹ̀ la ń fi òróró pa.
Wòlíì ní ká gbàdúrà sí i. A gbà á.
Ó kú lórí òkè náà lọ́jọ́ Àìkú,
tèmi ti aṣọ funfun lọ́rùn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò,
mi ò sì bi ara mi pé
kí ni mo pààrọ̀ kí àìsàn tó dé?

Ṣìfáwù, ọmọ iṣẹ́ Ṣówándé,
tí wọn kì í rán níṣẹ́ ju omi tútù lọ,
ló tẹ̀lé mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ọkọ̀ kú. Kò ya iwájú, kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ẹ̀yìn ló lọ. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó gbé etí lé táńkì
bí agbẹ̀bí.
"Ẹ pa rédíò yín, Màmá."
Ó di ìdérí mú, ó yí i díẹ̀.
Fììììì.
Atẹ́gùn ò jáde o. Ó wọlé ni,
bí èémí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa orí rẹ̀ yọ nínú odò.
Ikùn táńkì tó ti wọnú fò padà, gbàm̀!
Àwa méjèèjì sá.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó jẹ́ mi.

"Pọ́ǹbù ń fà," ó ní, "nǹkan ò wọlé dípò.
Ti àtijọ́ ní ihò kan lórí, tín-ín-rín.
Mo rí i lórí ààtàn wa.
Láìdé rò pé jíjò ni gbogbo ihò."

Bàbá mi náà, tí ọ̀rọ̀ kì í jò lẹ́nu rẹ̀:
ní alaalẹ́ á jókòó nínú ọkọ̀ yìí nìkan,
á yí gíláàsì wálẹ̀.
A rò pé ooru ló ń mú un.

Mo padà sí Láfẹ́nwá.
Láìdé yọ epo, ó fi omi ọṣẹ fọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó lu ihò, ó jó páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ mọ́ ọn kí òjò má baà wọlé.
Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì.
Mo ní, "Láìdé, ihò lo ń tà fún mi?"
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."
Mo sanwó. Mo ní kó kọ rìsíìtì.
Ó fi lẹ́ẹ̀dì pupa kọ ọ́ sẹ́yìn páálí sìgá:
Ihò kan. Ẹgbẹ̀rún méjì. A ti gbà á.