Ìjókòó Kẹtàdínlógún

Ní Fall River, katakata ti jẹ pápá náà tán:
ògiri táwọn ahunṣọ fi owó oṣù mọ,
òrùlé tí ìjì yìnyín ṣí lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Adelino ń dúró lẹ́yìn wáyà láràárọ̀.
Kò bú wa. Ó ń ka ìjókòó tí kò sí mọ́.
“Pákó kan péré ni mo fẹ́,
èyí tí Deolinda fi àlùmọ́gàjí ha orúkọ sí
lọ́jọ́ tí wọ́n nà wá láyò mẹ́fà.”

Èmi ajórin, mo wá a títí.
Ikán ti jẹ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ;
“linda” ló ṣẹ́ kù.
Arẹwà nìyẹn lédè wọn.
Mi ò sọ fún ọ̀gá.

Ìjókòó tuntun ń dán, ó tutù bí ọwọ́ àlejò.
Bàbá, ẹ fọwọ́ kan abẹ́ ìkẹtàdínlógún.